Ọ̀pẹ Kúkúrú tí Mo Tọ́ Nítorí Ọrùn Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀pẹ kúkúrú inú ìkòkò lẹ́wà, ẹ wo ojú onítọ̀hún dáadáa. Bí kò bá jẹ́ òyìnbó, ẹni tí ó ti jẹ àjẹkù òyìnbó ni. Ọ̀pẹ tí kò lépo, tí kò lẹ́mu, tí gbogbo ewé orí rẹ̀ kò tó fi ṣe ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo, kí ni ó fi jẹ́ ọ̀pẹ? Ewúrẹ́ tí ó bá dúró tì í ga jù ú lọ. Mo ń rí àwọn ọmọ òde òní tí wọ́n ń gbé e sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, tí wọ́n ń fún un lómi bí ẹni ń fún aláìsàn lẹ́kọ, mo sì ń wò wọ́n níran. Èmi tọ́ irú rẹ̀ rí, òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko, kì í sì í ṣe nítorí ẹwà. Nítorí ọrùn mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọrùn náà. Ní ayé ìgbà tí mò ń wí yìí, òyìnbó kì í rìn lófo. Bí Ajẹ́lẹ̀ bá ń lọ láti Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, ibùsùn rẹ̀ ń lọ, àga rẹ̀ ń lọ, ọpọ́n tí ó fi ń wẹ̀ ń lọ, àpótí ìgò ń lọ, orí ènìyàn sì ni gbogbo rẹ̀ ń gùn. Àwọn akọ́dà a máa wọ agbolé kan tẹ̀ lé èkejì, wọn a na ìka sí ẹni tí ọrùn rẹ̀ bá dára. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan lọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó dé lẹ́ẹ̀kejì, ọrùn rẹ̀ ti wọ inú àyà lọ tó bẹ́ẹ̀ tí fìlà rẹ̀ fi ń kan èjìká. Bí ó bá fẹ́ wo ẹ̀yìn, òun àti èjìká náà ní láti jọ yí pọ̀ bí ìlẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá ní irọ́ ni mò ń pa kò mọ bí àpótí ìgò òyìnbó ṣe wúwo.

Ahunṣọ ni mí, ọmọ ahunṣọ. Ọrùn ni ahunṣọ fi ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ lọ, nítorí pé láti àárọ̀ di àṣálẹ́ ni yóò fi tẹ̀ ẹ́ ba sí ìdí òfì. Mo ti pinnu pé orí tèmi kò ní ru ohun tí ó wúwo ju fìlà lọ.

Ìdí nìyẹn tí etí mi fi nà ní ọjọ́ tí ògbufọ̀ Ajẹ́lẹ̀ yà sí àtíbàbà tí a ti ń hunṣọ. Ará ìsàlẹ̀ ni ògbufọ̀ yìí, láti ọ̀nà Abẹ́òkúta, ó máa ń wọ bàtà nínú oòrùn ọ̀sán gangan bí ẹni pé ilẹ̀ Ìsẹ́yìn yóò ràn án ní àrùn. Òun ni ẹnu òyìnbó níwájú wa, òun náà ni ẹnu wa níwájú òyìnbó, ẹnu méjèèjì ni ó sì fi ń jẹun. Ó ní òun gbọ́ pé mo mọ̀wé. Ìwé tí mo mọ̀ ni pé mo ka kéú títí wàláà mi fi là sí méjì, mo sì jókòó ní ilé ìwé àwọn onígbàgbọ́ fún oṣù mélòó kan títí olùkọ́ fi ní ẹ̀rín mi ń ba ẹ̀kọ́ àwọn yòókù jẹ́. Mo ní, "Mo mọ̀wé, sà."

Ó ní, "Ajẹ́lẹ̀ ń lọ sí ìlú rẹ̀ lọ kí àwọn ẹbí. Yóò pẹ́ kí ó tó dé. Ó ní igi kan tí ó fẹ́ràn ju ẹṣin rẹ̀ lọ. Èmi ni ó ní kí n máa tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ fún mi."

Iṣẹ́ kankan kò pọ̀ fún un. Ẹ̀rù ni ó ń bà á. Bí igi náà bá máa kú, ó fẹ́ kí ó kú sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Mo bi í pé, "Kí ni yóò kàn mí níbẹ̀, sà?"

"Níwọ̀n ìgbà tí igi yẹn bá wà láàyè, akọ́dà kankan kò ní fọwọ́ kàn ọ́. Wọn kò ní mú ọ gbé ẹrù. Ṣùgbọ́n bí ó bá kú, ìwọ ni wọn yóò kọ́kọ́ mú, àpótí ìgò ni wọn yóò sì gbé lé ọ lórí. Èmi fúnra mi ni n óò yàn án fún ọ."

Mo gbà kí ó tó pa ẹnu dé.

Nígbà tí wọ́n gbé e wá, mo rò pé wọ́n ṣì í gbé ni. Ìkòkò tánganran kan báyìí, tí wọ́n ya òdòdó búlúù sí lára, erùpẹ̀ kún inú rẹ̀, ohun kan sì rú jáde láàárín rẹ̀ bí irun orí ọmọ tí kò gbọ́ ti ìyá rẹ̀. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, tí ó ni àtíbàbà náà, fi ọ̀kọ̀ ìhunṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó yí ìkòkò náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni?"

Ògbufọ̀ ní, "Ó ti tó ọdún méje. Ó ti dàgbà tán."

Bàbá Àgbà padà lọ jókòó. Ó ní, "A dúpẹ́ pé kì í ṣe ènìyàn."

Ògbufọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin. "Má gbé e sí oòrùn gangan, ewé rẹ̀ yóò jó. Má sì gbé e sí òkùnkùn, yóò máa nà gbọọrọ bí ẹni tí ebi ń pa. Ti ìka bọ erùpẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá gbẹ dé oríkèé kìíní, bomi rin ín. Bí ó bá ṣì tutù, fi í lọ́rùn sílẹ̀. Má jẹ́ kí omi dá sí ìdí rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ yóò rà. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí o máa yí ìkòkò náà díẹ̀, nítorí apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ni yóò máa tẹ̀ sí. Kí o sì máa fi aṣọ tútù nu eruku ara ewé rẹ̀."

"Kí n nu ewé ọ̀pẹ?"

"Lọ́kọ̀ọ̀kan."

Bẹ́ẹ̀ ni èmi, àgbà ọkùnrin tí irùngbọ̀n ti ń hù, ṣe di ẹni tí ń nu ewé ọ̀pẹ. Mo gbé e sí abẹ́ ìṣẹ́po àtíbàbà, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń yọjú tí ti ọ̀sán kì í dé. Láàárọ̀, kí n tó jókòó sí ìdí òfì, n óò ti ìka bọ erùpẹ̀, n óò wo ìka, n óò bomi. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n tó lọ kírun, n óò nu ewé. Àwọn ará ìlú kò jẹ́ kí ojú tì mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n pín in káàkiri gbogbo ọjọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba orúkọ mi lọ́wọ́ mi, wọ́n ń pè mí ní Bàbá Ọ̀pẹ.

Obìnrin kan wà ní agbolé kejì, tí ó máa ń gba iwájú wa kọjá bí ó bá ń ti odò bọ̀. Kò ní kọjá kí ó má dúró.

"Bàbá Ọ̀pẹ, ọmọ jí bí?"

"Ó jí. Ó ní kí n kí ọ."

"Ó ti ń rìn?"

"Ó ti fẹ́ máa rìn. Ìgbà tí ó rí bí ọkọ rẹ ṣe ń rìn ni ó yí ọkàn padà."

Yóò rẹ́rìn-ín títí omi orí rẹ̀ yóò fi máa dà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn akọ́dà bá wọ agbolé wa, tí wọ́n na ìka sí ọ̀tún, tí wọ́n na ìka sí òsì, tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mi, wọn a wo ìkòkò tánganran, wọn a fò mí dá. Ọkọ obìnrin yẹn lọ sí Ṣakí lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú òjò ọdún náà. Àwọn ọkùnrin tí ì bá máa fi mí rẹ́rìn-ín nígbà náà kò sí nílé láti rí mi.

N kò ní purọ́ pé mo fẹ́ràn igi náà. Mo kórìíra rẹ̀ ju bí mo ṣe kórìíra kòkòrò tí ń jẹ òwú lọ. Odidi òjò kan ni ó fi yọ màrìwò méjì péré. Ọ̀pẹ gidi etí odò, kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó mumi, ẹ̀fúùfù ń lù ú, iná oko ń jó o lẹ́sẹ̀, ó sì ń so. Èyí, bí mo bá sín sí i lára, yóò pọ́n létí ewé.

Nígbà tí ó yá, ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ ọdún yẹn kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀yin ń pè ní ọyẹ́. Bí ènìyàn bá tutọ́, erùpẹ̀ ni yóò balẹ̀. Adìyẹ kan yé ẹyin sí ẹ̀yìn ilé wa láàárọ̀, nígbà tí ìyá mi yóò fi dé ibẹ̀, ẹyin náà ti gbẹ, ó ń dún wóró bí ṣaworo. Mo gbé ọ̀pẹ wọ inú yàrá, mo ta aṣọ sí ojú fèrèsé fún un, ṣùgbọ́n ṣóńṣó ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó di àwọ̀ tábà. Mo ń fún un lómi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì túbọ̀ ń rẹ̀ ẹ́.

Ibi tí Bàbá Àgbà ti dá sí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Bàbá Àgbà ní ọ̀pẹ kan ṣoṣo lóko, ọ̀pẹ kan yìí ni ó sì fi ń kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dọọdún ni ó máa ń pe akọ̀pẹ kí ó wá bá òun rẹ́ ẹ: kí ó gé gbogbo imọ̀ tí ó ti gbó dànù, kí ó ṣẹ́ ku màrìwò àti díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní tiwa, ọ̀pẹ tí a kò rẹ́ àti orí tí a kò fá, ìtìjú olówó rẹ̀ ni méjèèjì.

Ó ní, "Ohun tí ń ṣe é hàn kedere. Láti ọdún méje, ẹnì kan kò rẹ́ ẹ rí. Ẹrù ewé ni ó pa á mọ́lẹ̀ tí kò fi lè ga."

Mo ní, "Bàbá Àgbà, ògbufọ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tí ń wọ bàtà lọ sí ilé ìgbẹ́, kí ni ó mọ̀ nípa ọ̀pẹ?"

"Ẹ̀yin náà, ẹ gun ọ̀pẹ rí?"

"Ṣé ẹni tí ó ń jẹ ẹyin ni ó gbọ́dọ̀ yé e?"

Kí n má parọ́ mọ́ òkú: èmi ni mo gbé àdá fún un. Mo tún di ìkòkò mú kí ó má mì. Ó gé e yíká, ó gé e dáradára. Nígbà tí ó ṣe tán, ohun tí ó kù dà bí adìyẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀ tán tí wọ́n wá gbàgbé ẹyọ kan sí ìdí. Bàbá Àgbà sún sẹ́yìn, ó wò ó, ó ní, "Nísinsìnyí ni ó tó dà bí ọ̀pẹ ọmọlúwàbí." Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹyọ màrìwò tí ó kù náà dorí kodò.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìròyìn dé pé Ajẹ́lẹ̀ ti gúnlẹ̀ sí Èkó, ó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àwọn akọ́dà ń kó ènìyàn jọ fún ẹrù ọ̀nà Ṣakí. Ìyá mi wo igi, ó wo ọrùn mi, ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí àgbà yóò fi ọgbọ́n pa. Ọ̀pẹ kò ha sí létí odò ni?"

Ìyá mi kò mọ kéú, kò mọ ìwé òyìnbó. Nínú gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun nìkan ni ó ní làákàyè.

Mo kúrò nílé ní ìdájí, mo gba ọ̀nà odò Òfìkì, mo wá inú igbó etí odò títí oòrùn fi kanrí. Mo rí ọmọ ọ̀pẹ kan tí ó lalẹ̀ hù, tí gíga rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, tí ó sì ní ẹ̀gún ní ìdí imọ̀ bíi tirẹ̀. Mo wú u tìdítìdí, mo fi aṣọ tútù wé gbòǹgbò rẹ̀, mo gbé e wálé. A yọ àṣẹ́kù ti òyìnbó kúrò nínú tánganran, mo sọ ọ́ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀, a gbin tuntun sí i.

Ìyọnu kan ni ó kù. Ewé ọ̀pẹ tiwa gbòòrò, ti òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́. Mo jókòó tì í fún odidi ọjọ́ méjì, mo ń fi èékánná àtàǹpàkò la ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sí mẹ́ta, bí a ṣe ń ya òwú tí ó lọ́ mọ́ra. Ẹni tí kì í bá ṣe ahunṣọ kò lè ṣe é. Yóò fà á ya. Ìyá mi wá bu òrí, ó yọ́ ọ, ó fi para ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ojú ibi tí mo là má baà gbẹ. Nígbà tí a ṣe tán, igi náà ń dán bí ìyàwó ọ̀sìngín. Obìnrin agbolé kejì ń kọjá, ó dúró.

"Bàbá Ọ̀pẹ, ọmọ yìí mà tóbi sí i."

"Ó ti ń jẹun dáadáa."

"Ó ti wá fi imú jọ ọ́."

Mo bojú wẹ̀yìn kí n tó mọ̀ pé àwàdà ni.

Ajẹ́lẹ̀ dé. Wọ́n ní kí n gbé igi wá sí ilé rẹ̀ lórí òkè. Ó jáde síta, ó fi awò sí ojú, ó kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, òyìnbó tí ọba ń dìde fún kúnlẹ̀ níwájú ọmọ ọ̀pẹ igbó Òfìkì, ó ń fi ìka gbé ewé rẹ̀ sókè, ó ń wo ẹ̀gún ìdí rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn ìka rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó gùn, ògbufọ̀ sì yíjú sí mi.

Ó ní, "Ó ní ọwọ́ rẹ dára. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ní in, kò lágbára tó báyìí rí." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá Ọ̀pẹ, kí ni mò ń gbọ́ òórùn òrí lára igi?"

Mo ní, "Ọyẹ́ ni, sà. Gbogbo wa ni a ń fi para."

Ó wò mí títí. Ó mọ̀, ọgbọ́n rẹ̀ kò kéré tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, òun ni yóò jẹ̀bi, nítorí òun ni òyìnbó fún ní igi, kì í ṣe èmi. Ó gbé e mì. Òyìnbó tún sọ̀rọ̀, inú ògbufọ̀ sì dùn lójijì. Mo rí ayọ̀ náà lójú rẹ̀.

"Ajẹ́lẹ̀ ń ṣí kúrò. Wọ́n ti gbé e lọ sí ibòmíràn. Ní ọjọ́ mẹ́rin òní ni a ó gbéra lọ sí Ìbàdàn, níbi tí rélùwéè wà. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tí yóò gbé igi òun bí kò ṣe ìwọ tí o mọ̀ ọ́n tọ́."

Mo ní, "Sà, ẹ̀yin ni ẹ sọ pé wọn kò ní mú mi gbé ẹrù."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Èwo ni ẹrù níbẹ̀? Ìwọ kọ́ ni Bàbá Ọ̀pẹ? Ta ní ń pe ọmọ rẹ̀ ní ẹrù?"

Àwọn akọ́dà tí ó wà nítòsí fi ọwọ́ bo ẹnu.

Báyìí ni mo ṣe rìn láti Ìsẹ́yìn dé Ọ̀yọ́, láti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn, tánganran lórí. Àwọn tí akọ́dà fi ipá mú, ẹni tí ó gbé ibùsùn gbé ohun tí ó rọ̀, ẹni tí ó gbé àga rí nǹkan jókòó lé bí wọ́n bá dúró sinmi. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ oṣù sá fún ẹrù, erùpẹ̀ tútù ni mo rù. Ní gbogbo ibi tí a bá dúró sí, ògbufọ̀ yóò wá ti ìka bọ ìkòkò, yóò ní, "Ó ti gbẹ dé oríkèé kìíní. Bomi rin ín." N óò bomi, ìkòkò náà yóò sì tún wúwo sí i. Bí atẹ́gùn bá dé, n óò fi ẹ̀yìn rìn kí ó má baà fẹ́ lu ewé. Ẹ lè gbà, ẹ sì lè má gbà, ọ̀pẹ igbó yẹn fẹ́ràn orí mi. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń yọ màrìwò kan. Nígbà tí a fi máa dé Ìbàdàn, mo ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ó má baà fi orí gbá ẹ̀ka igi ìrókò.

Ní ibùdókọ̀ rélùwéè, òyìnbó gba igi rẹ̀, ó wo ewé kọ̀ọ̀kan. Kò wo ojú mi. Ó fún mi ní agolo bísíkíìtì kan. Mo ṣí i. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo padà délé, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Mo gba ẹ̀yìn balùwẹ̀ kọjá, mo sì rí kùkùté tí mo sọ nù. Ó ti ta ewé márùn-ún, ó tutù yọ̀yọ̀ nínú omi ọṣẹ. Èmi tí mo nu ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ta aṣọ sí fèrèsé fún un, òkú ni ó fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Omi ìdọ̀tí ni ó ń wá. Mo fi ẹsẹ̀ tì í, n kò hú u, nítorí kò tó ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ sí.

Ó wà níbẹ̀ di òní. Okùn ewúrẹ́ ni mo ń so mọ́ ọn. Bàbá Àgbà ti kú, ìyá mi ti kú, ògbufọ̀ ti lọ sí ibi tí bàtà kò wúlò, òyìnbó sì wà níbi tí ó bá wà. Mo kàn nírètí pé ọ̀pẹ Òfìkì ti ga nínú pálọ̀ rẹ̀, pé ó so, àti pé odidi ìdì ẹyìn kan já lé e lórí níbi tí ó ti ń mu tíì.

Ní ti ọrùn mi, kò wọ inú àyà bíi ti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó kàn tẹ̀ sí òsì díẹ̀ ni, apá ibi tí ìkòkò ń fà sí, kò sì tọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń bá mi sọ̀rọ̀, tí wọ́n rí i pé mo dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan báyìí, wọ́n rò pé mo ń fi tọkàntọkàn gbọ́ wọn. N kò gbọ́ wọn rárá.